Orí Kẹfà: Ẹ̀dá Ìtàn Tó Ń Yí Padà

Ẹ̀sùn kan wà tí òǹkàwé máa ń fi kan òǹkọ̀wé láìjẹ́ pé wọ́n fojú kan ara wọn rí. Yóò dé ojú ewé kan, yóò dúró, yóò ní, "Èyí kì í ṣe ẹni tí mo ń bá bọ̀." Ibẹ̀ ló ti máa ń pa ìwé dé. Irú rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù wa ju inú ìwé lọ. Ìyáálé tó ti ń da orogún rẹ̀ láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ti po májèlé mọ́ ọbẹ̀, tó ti sọ ilé babaláwo di ọ̀nà oko, yóò kúnlẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré parí. Wòlíì yóò gbọ́wọ́ lé e lórí, orin yóò dún, gbogbo ilé yóò dárí jì í, ó ti di ìyá rere nìyẹn. Àwọn òǹwòran ti ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga nígbà náà.

Kì í ṣe pé ènìyàn kì í yí padà. A mọ ọ̀mùtí tó jáwọ́ ńbẹ̀, a sì mọ ọmọlúàbí tí owó sọ di aláìnítìjú. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí tó jáwọ́ yìí ṣì mọ gbogbo ilé ọtí tó wà ládùúgbò, ẹ̀yìnkùlé ló sì máa ń gbà relé kó má baà kọjá níwájú wọn. Ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń kọ ìtàn máa ń gbàgbé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú orí yìí: bí ẹ bá ń yí ẹ̀dá ìtàn padà, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá yí padà tí ohunkóhun kò kù lára rẹ̀ nínú ẹni àná, ẹlòmíràn lẹ ti dá, ẹ kàn gbé orúkọ ẹni àkọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni.

Ohun tí Ṣẹ̀gilọlá mọ̀

Láàárín ọdún 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá ló ń kọ wọ́n: arẹwà Èkó ìgbà kan, tó ti fẹ́ ọkùnrin rẹpẹtẹ, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, tó sì ń fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń hun gbogbo rẹ̀. Kí ọdún 1930 tó parí, ó ti sọ àwọn lẹ́tà náà di ìwé. Àwọn òǹkàwé kan gbà lóòótọ́ pé obìnrin náà wà, pé ibì kan ló wà ní Èkó níbi tó ti ń jẹ̀rora.

Kí ló fà á tí wọ́n fi gbà á gbọ́? Kì í ṣe ẹkún tó ń sun. Ẹkún ìrònúpìwàdà pọ̀ nínú ìwé àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà, kò sì sí ẹni tó ń fi owó ra ìwé ìròyìn nítorí ìyẹn nìkan. Ohun tó mú wọn ni pé Ṣẹ̀gilọlá ronú pìwà dà, síbẹ̀ ayé tó ronú pìwà dà lé lórí ṣì ń dùn mọ́ ọn. Bó bá ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bó ṣe tan ọkọ rẹ̀ jẹ, yóò rántí aṣọ, yóò rántí orin tó gbòde nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ẹ óò sì rí i pé kò yára kúrò níbẹ̀. Ẹnu kan náà ló ń gbàdúrà, òun náà ló ń ṣe fáàrí. Ẹ wo bí ọgbọ́n ibẹ̀ ṣe tó: bí ó bá jẹ́ ẹkún nìkan ni, ìwàásù ni ìwé náà ì bá jẹ́, bí ó bá sì jẹ́ fáàrí nìkan, a kò ní gbà pé àìsàn ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n kankan.

Ẹ fi ọ̀nà yìí dán iṣẹ́ tiyín wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn yín tó ti yí padà sọ ohun tó ṣe nígbà àtijọ́ fún ẹnì kan, lẹ́nu ara rẹ̀, kó gùn tó ojú ewé méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò pupa, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tí adùn àtijọ́ ti yọjú. Bí kò bá sí ìlà kankan, ẹni mímọ́ lẹ kọ, ẹni mímọ́ kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí a ń bá gbé.

Ìdí kan kì í tó

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí fẹ́ràn ìdí. Wọ́n á ní ọkùnrin náà di olè nítorí pé bàbá rẹ̀ kú. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bàbá ló ń kú tí ọmọ wọn kì í jalè. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó di ìwé ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn yìí pàdánù ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo níbi tí ọmọ náà ti ń rọbí, ó wá ṣòfin pé ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà, lóyún, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ikú ọmọ ni ìdí, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ikú ọmọ nìkan kọ́. Obìnrin mìíràn tí irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ dé bá lè gba inú ilé lọ, kó máa sunkún. Ẹfúnṣetán ti ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ẹrú kí ọmọ rẹ̀ tó kú, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í léèrè. Ìbànújẹ́ bá àṣẹ nílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tí àṣẹ ti là sílẹ̀ fún un. Àwọn kan ti bá Ìṣọ̀lá wí pé ó ṣe obìnrin tó gbé ayé rí yìí ní ìkà ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì gbọ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìtàn ilẹ̀ Ìbàdàn nìyẹn, kò ba ohun tí eré náà lè kọ́ wa nípa iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá ìtàn yín, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà lára rẹ̀ tí ohun náà yóò bá nílẹ̀. Bí Lápité nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, ṣe rí nìyẹn. Kó tó gorí ìtẹ́ ìlú Jogbo pàápàá ni ó ti kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ tó yẹ kí ọba gbà, ètùtù tí ì bá máa dè é lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn agégẹdú wá ń kó owó wá fún un tí ìlú ń jìyà, kò sí òǹwòran tó ní, "Háà, kí ló ṣe Kábíyèsí?" A ti rí i lọ́jọ́ tó kọ gbẹ́rẹ́. Oyè kò yí i padà tó bí ó ṣe ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ jẹ́ kí a dá ẹnì kan

Ká pè é ní Wàsíù. Wọ́n bí i ní 1974. Ní 1992, ó jẹ́ kọ̀ńdọ́ mólúè láti Òṣòdì, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì bí àdán, tó ń ké "Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ní alẹ́ ọjọ́ kan, dírẹ́bà rẹ̀ ní owó kò pé, ó nà án níwájú èrò, ó pè é lólè. Wàsíù kò jí kọ́bọ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ó di dírẹ́bà dánfó, ó ra ọ̀kan, ó ra ìkejì. Ní 2006 ó ti ní mẹ́ta, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó ti di Alájì. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ìjọba Èkó gbé bọ́ọ̀sì BRT jáde láti Mile 12 dé CMS, wọ́n sì ya ojú títì sọ́tọ̀ fún un. Èrò ọ̀nà Ìkòròdú dín kù fún Wàsíù. Owó ń gé, inú ń bí i, ó sì pe kọ̀ńdọ́ rẹ̀ kan ní olè láìní ẹ̀rí.

Níbí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé yóò ti ṣubú. Wọn yóò jẹ́ kí Wàsíù rántí ojú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti ṣe òun bẹ́ẹ̀ rí, yóò bú sẹ́kún, yóò sì dì mọ́ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ènìyàn ń ṣe. Ẹni tí wọ́n pè lólè láìjalè kì í sábà di ẹni tí kì í pe ọmọlọ́mọ lólè. Ó sábà máa ń di ẹni tó ń ka owó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọgbẹ́ kan náà ni, ọwọ́ tó ń dá a ló yàtọ̀. Bí ẹ bá ti lè fi hàn mí látẹ̀yìnwá pé Wàsíù kì í sùn bí kò bá tíì fúnra rẹ̀ ka owó ọkọ̀, n óò gbà pé ó pe ọmọ náà lólè, n óò sì tún bá a kẹ́dùn.

Ẹ wá yí i padà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìyá kọ̀ńdọ́ náà wá bẹ̀ ẹ́, ó lé e. Ìyàwó rẹ̀ dá sí i, Wàsíù ní kó gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó rí ọmọ náà ní gáréèjì tó ń ru ẹrù fún èèyàn, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ránṣẹ́ pè é. Ó gbà á padà síṣẹ́. Àmọ́ dírẹ́bà ni yóò máa di owó mú. Ìyókù nìyẹn. Ó ti mọ̀ pé òun ṣi ọmọ náà dá lẹ́jọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò kàn tíì lè gbé owó fún un. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ìdìmọ́ra lọ, nítorí pé òǹkàwé yóò máa bá ìtàn lọ láti mọ̀ bóyá ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbé owó fún un.

Ohun tí ara kò gbàgbé

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ara ènìyàn ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ máa ń kọ́kọ́ yí, ó lè jẹ́ lọ́sẹ̀ tí owó wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu a tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n bínú bá bí i, èdè ilé yóò jáde: ará Ìbàdàn tó ti ń fi tìṣọ́ratìṣọ́ra pe "ṣ" láti ọdún mẹ́wàá yóò padà sí "s" rẹ̀ nínú ìjà. Ọwọ́ àti ìrìn kì í yára yí, ẹ̀rù kì í sì í sábà yí rárá. Bí ẹ bá mọ èyí, ẹ óò lè fi hàn nínú gbólóhùn díẹ̀ pé ènìyàn ti yí padà, pé òun náà sì ni. Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ kọ Wàsíù ní òde ìgbéyàwó kan ní 2006:

Alájì dìde láti ná onífújì lówó. Ó tú ìdì igba náírà, ó sì ti ń jó bọ̀ kí ìlù tó yí sí tirẹ̀. Kó tó dé ojú agbo, ó ti ṣẹ́ owó náà ní gígùn, ó ti kì í bọ àárín ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti gbòòrò síta bí ẹni tó fẹ́ di irin mú. Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ wo ọwọ́ yín," ló sọ sí i létí. Alájì wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó owó náà jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí onífújì bí olówó.

N kò sọ pé ó ti jẹ́ kọ̀ńdọ́ rí. Òǹkàwé tó ti wọ mólúè rí mọ̀, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí yóò rántí orí kìíní ìtàn Wàsíù. Ẹ wá ohun tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹ̀dá ìtàn yín kọ́ ara rẹ̀: aránṣọ tó di kọmíṣọ́nnà yóò máa fi ìka wo ìlà aṣọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, tíṣà tó di ọlọ́jà yóò máa dúró de ìdáhùn lẹ́yìn ìbéèrè. Ẹ má lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú ìwé odidi. Bó bá pọ̀ jù, àpárá ni.

Ta ló ń pè é ní "ìwọ"?

Ohun èlò kan wà tí èdè wa fún òǹkọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó ń yà mí lẹ́nu pé a kì í lò ó tó. Ẹ ṣètò gbogbo ẹni tó yí ẹ̀dá ìtàn yín ká, kí ẹ kọ ẹni tó ń fi "o" bá a sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àti ní ìparí. Ìyípadà yóò yọ sí yín níbẹ̀ kí ẹ tó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kankan.

Ní 1992, gbogbo ayé ni ó ń sọ "o" fún Wàsíù, títí kan ọmọ ilé ìwé tó wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ní 2006, "ẹ" ló kù lẹ́nu gbogbo wọn, àfi ìyá rẹ̀ àti Mufú, tí wọ́n jọ jẹ́ kọ̀ńdọ́. Mufú ń pè é ní Wàsì. Bí Mufú bá wá dé ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí àwọn dírẹ́bà wà ńbẹ̀, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Alájì," ọ̀wọ̀ ni àwọn tó wà níbẹ̀ yóò gbọ́. Wàsíù yóò gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun ti lọ. Ẹ kò nílò láti ṣàlàyé kankan.

Ti dírẹ́bà tó nà án níjọ́sí tún wà. Ká ní àtijẹ gbé e dé iwájú Wàsíù láti wá iṣẹ́. Ọ̀gá ni Wàsíù báyìí, ṣùgbọ́n bàbá náà fi ogún ọdún jù ú lọ. Wàsíù kò lè sọ "o" fún un, ẹ̀kọ́ ilé kò gbà. Bàbá náà pẹ̀lú kò lè sọ "o" fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Àwọn méjèèjì yóò máa "ẹ" ara wọn kiri inú yàrá náà, "ẹ" ẹnì kan nínú wọn yóò sì korò. Ta ni? Bí ẹ bá mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ ti mọ bí ìyípadà Wàsíù ṣe jìn tó. Ẹni tó bá fẹ́ ba irú ìran bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kó ní kí Wàsíù sọ pé, "Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ nà mí?"

Ìwé ọdún

Èyí kò gba ọgbọ́n, ó gba ìfarabalẹ̀. Ẹ fa ìlà sínú ìwé kan, ẹ kọ ọdún sí apá òsì, ọjọ́ orí ẹ̀dá ìtàn sí àárín, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú sí apá ọ̀tún. Ẹni tí wọ́n bí ní 1949 nílẹ̀ Yorùbá bá ilé ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 pàdé gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1938 lè máà mọ̀wé rárá, ohun tí yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì ní ọjọ́ ogbó wọn ti wà nílẹ̀ láti ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ wá a lọ síbi kankan. Ọwọ́ òsì títì ni dírẹ́bà ń tọ̀ kó tó di oṣù kẹrin ọdún 1972. Pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná títí di ìparí ọdún yẹn, náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, àwọn àgbà sì fi ọdún púpọ̀ ka owó ní pọ́n-ùn lẹ́yìn ìgbà náà, ìyókù mìíràn tí ẹ lè fi sẹ́nu ẹ̀dá ìtàn yín nìyẹn. Ẹni tó bá ní ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lòun nínú ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní 1985 ti purọ́, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń jẹ́ títí di 1991. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù kó tó di 2001. Òǹkàwé lè má mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ẹyọ kan tí ẹ sì ṣì í kò ní gba ìyókù ìtàn yín gbọ́.

Fún ẹni tó ń kọ ìtàn tó ń jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, bíi ti Thomas, ìwé ọdún yìí kì í ṣe àfikún lásán. Ohun tó ti jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ṣeé pè padà.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ yí padà

Kì í ṣe dandan kí gbogbo ẹ̀dá ìtàn yí padà. Kò sí ẹni tó lọ wo Bàbá Sàlá, ẹni tí Moses Ọláìyá sọ di ìlú mọ̀ọ́ká, kó lè rí i pé ahun ti di ọ̀lawọ́. Bí ó bá yí padà, ẹ̀rín ti tán. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí lò nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, tó tún mú padà nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971, kò nílò láti di ẹlòmíràn kí ìwé kejì tó dùn. Ẹni àná la fẹ́ bá pàdé. Ẹ tún máa ní ẹnì kan, ó kéré tán, nínú ìtàn yín tí kò yí, tó sì kọ̀ láti gbà pé olú ẹ̀dá ìtàn yí: aládùúgbò tí yóò máa sọ pé, "Èmi mọ̀ ọ́n." Ìlú wa kì í ṣaláìní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ ohun tí òǹkàwé ń rò, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí òǹkàwé yí sí ẹ̀yìn ẹ̀dá ìtàn láti gbèjà rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó

Ẹ mú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yín, àti ọ̀kan láti ìparí, níbi tí ẹ̀dá ìtàn kan náà ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ yọ orúkọ kúrò, ẹ yọ ọdún, ẹ yọ orúkọ oyè àti aṣọ. Ẹ fún ẹnì kan tí kò tíì ka ìwé náà. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: ṣé ẹnì kan náà ni, èwo ló sì ṣáájú? Bó bá ní ẹnì kan náà ni ṣùgbọ́n kò lè sọ èyí tó ṣáájú, ìyípadà kò tíì ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin nìkan ló ń rò pé ó ṣẹlẹ̀. Bó bá ní èèyàn méjì ni, ìyókù ló sọnù; ẹ padà sí orí àkọ́kọ́, ẹ wá ìwà kékeré kan tàbí ìbẹ̀rù kan tó wà níbẹ̀, kí ẹ gbìn ín sí ìparí. Ẹ má ṣe ṣe é lódìkejì, kí ẹ máa mú ti ìparí wá gbìn sí ìbẹ̀rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá ṣe tán láti tún gbogbo àárín kọ.